Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Tó Ní Èkìtì Ò Létíkun

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin màmá wa tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àwọn ọmọ iléèwé,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìsùn. Mi ò ní dárúkọ ìgbìmọ̀ yín torí kì í ṣe ìjà ni mo gbé wá, ẹ ṣáà mọ ara yín, ẹ sì mọ̀ mí. Èmi ni tíṣà fáìn-aàtì láti Ìkẹ́rẹ́ tó gbé pátákó ńlá kan, tí àwọn ọmọ ya máàpù odò Ọ̀ṣun sí, tí wọ́n fi aṣọ búlúù ṣe òkun nísàlẹ̀ ẹ̀, wá sí Adó nínú ọkọ̀ ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù, tí pátákó náà ò gba ẹnu ọ̀nà yín, tí ẹ ní ká gbé e gba ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ karùn-ún lẹ pè mí pé kí n wá gbé e lọ.

Ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú ìwé tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní Èkìtì kì í ṣe ìlú etíkun, pé ìkarahun àti koríko òkun tí àwọn ọmọ náà fi ṣiṣẹ́ ò bá àyíká wọn mu. Ẹ ní àbàwọ́n wà lára aṣọ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ wá ní gbogbo ẹ̀ tiẹ̀ jọ sáyẹ́ǹsì ju iṣẹ́ ọnà lọ, ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje sáyẹ́ǹsì. A gbé e lọ lóòótọ́ o. Àwọn yẹn náà yí i po, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa gan-an ni ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà lèyí. Iṣẹ́ wa wá di àjáò tí kò ṣeku tí kò ṣẹyẹ. Ẹ̀yìn sítọ̀ iléèwé wa ló wà báyìí, ẹ̀gbẹ́ àwọn àga tó ti kán, mo fi àpò sìmẹ́ǹtì bò ó lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín, torí lọ́jọ́ tí mo gbé e wá kò sẹ́ni tó bi mí, páálí tí ẹ ní ká kọ àlàyé sí náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ọmọbìnrin kan wà ní SS2 wa nígbà náà, bàbá ẹ̀ ará Ìkẹ́rẹ́ ni, ìyá ẹ̀ ọmọ Ìlàjẹ. Ó lọ hólídè lọ́dọ̀ ìyá àgbà ẹ̀ ní Ayétòrò, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbẹ̀. Nígbà tó dé, kò kó ẹja bọ̀, kò ra búrẹ́dì lọ́nà, àpò ìrẹsì kan tó kún fún ìkarahun ìṣáwùrú ló gbé wọ kíláàsì mi, ó ń rùn débi tí àwọn tó jókòó síwájú fi dìde. Mo ní kí lèyí, ṣé orí ẹ pé? Ó ní, "Mà, ilé màmá àgbà ò sí níbẹ̀ mọ́, òkun ti gbé e. Ibi tí wọ́n ti ń dáná tẹ́lẹ̀ ni mo ti ṣa ìkarahun yìí." Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Ẹ̀yin àgbà mọ Ayétòrò. Ọdún 1947 ni àwọn ẹlẹ́sìn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó sórí ilẹ̀ tó kéré tí kò ga ju omi lọ, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, àwọn èèyàn ń pè é ní ìlú aláyọ̀. Láti ọdún mélòó kan wá ni òkun ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú pópó tí wọ́n ń rìn lánàá ti di ibi tí wọ́n ń ju àwọ̀n sí. Àwa lórí òkè níbí, inú ìròyìn la ti ń rí i, a ó mi orí, a ó tún tẹ fóònù lọ síbòmíì. Àpò ìkarahun yẹn ò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ lọ síbòmíì.

Mo lọ bá kẹ́místírì tíṣà wa. Ọkùnrin kan báyìí ni o, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ ohun tó ń hó, ojú ẹ̀ á là. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó ní kí ọmọ kan lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́. Ó fún omi ọsàn náà sára ìkarahun kan, ó sì ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀ bí ọṣẹ. Ó ní kí wọ́n dán an wò lára èèpo ẹyin, ó hó. Lára ìkarahun ìgbín, ó hó. Ọmọ kan sáré lọ yọ owó ẹyọ kan lára ọ̀já tí ìyá àgbà ẹ̀ fi sílẹ̀ (mo bá a wí lórí ìyẹn o), ìyẹn náà hó. Wọ́n wá dán an wò lára ẹfun tí a rà lọ́jà Ìkẹ́rẹ́, ẹfun ò hó rárá. Tíṣà ní torí amọ̀ nìyẹn, amọ̀ funfun lásán, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ìyókù yìí, ohun kan náà ni wọ́n, calcium carbonate, ì báà jẹ́ inú òkun ni ẹran ibẹ̀ ti kọ́ ilé ẹ̀, ì báà jẹ́ abẹ́ igi kòkó. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó wà nínú wọn ni ọsàn wẹ́wẹ́ lé jáde. Èmi tí mo ti ń jẹ ìgbín láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìgbín àti owó ẹyọ jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Ó wá ní a lè sun ún, ká fi ṣe láìmù, èyí tí àwọn èèyàn ìgbà àtijọ́ fi ń kọ́lé kí sìmẹ́ǹtì tó dé. Ó ní ó gbọ́dọ̀ gbóná tó 900°C. Iléèwé wa tí Bunsen burner ò ti tan iná láti ọdún tí mo débẹ̀! La bá gba ọ̀dọ̀ bàbá alágbẹ̀dẹ lọ. Bàbá yìí ò lo ewìrì aláwọ mọ́, rímù kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń yí fáànù, tó bá ń yí i, èédú á pọ́n bí ojú oòrùn ìrọ̀lẹ́. A to ìkarahun sínú ẹ̀, a ń sun ún láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí a wà á jáde, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe é, bó ṣe rí náà ló rí, tórí-tórí, sọnsọ-sọnsọ, ó kàn funfun ni, ó sì fúyẹ́ bí pọpọ̀rọ̀ àgbàdo. Bàbá alágbẹ̀dẹ ní ṣé gbogbo èédú òun tó jó nìyí?

Tíṣà ní kí gbogbo ọmọ wọ awò tí àwọn wẹ́dà ń wọ̀, kí wọ́n sún sẹ́yìn, torí ohun náà máa ń ba ojú jẹ́. Ó bu omi tútù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin lórí ìkarahun náà. Kò sí nǹkan kan. Àwọn ọmọ ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ó wá dún pá! Ó tún dún pá-pá-pá bí àgbàdo tí wọ́n ń yan, èéfín omi gba ojú ọ̀run lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì gbóná débi tí omi inú ẹ̀ ń hó láìsí iná lábẹ́ ẹ̀, ìkarahun sì ń fọ́ fúnra ẹ̀, ó ń wú, ó ń di ẹ̀tù funfun bí ẹ̀lùbọ́. Bàbá alágbẹ̀dẹ tí ó ti ń lu irin láti ìgbà ayé bàbá ẹ̀ fi òòlù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, tó bá jẹ́ pé omi gbígbóná lẹ wá sè, ẹ ò bá ti sọ, mo ní kẹ́tùlù."

A rẹ ẹ́ sínú omi fún oṣù kan. Bó bá ṣe pẹ́ tó ni ó ń kúnná tó, ó ń rí bí bọ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn la lọ bu yanrìn ní Ìgèdè. Ẹ óò ní kí ló dé tó jẹ́ Ìgèdè, ṣé kò sí yanrìn ní Ìkẹ́rẹ́ ni? Ó wà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ló rí i lórí máàpù pé Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, pé omi tí gbogbo ayé ń lọ bọ ní Òṣogbo yẹn, ilẹ̀ wa ni ìdí ẹ̀ wà, tó sì ń ṣàn lọ títí tó fi já sínú ọ̀sà Lẹ́kí, etí òkun gan-an. Wọ́n ní odò náà làwọn fẹ́ yà. Ìmọ̀ràn wọn ni, kì í ṣe tèmi. Torí náà yanrìn orísun Ọ̀ṣun la pò mọ́ láìmù ìkarahun Ayétòrò.

A kan pátákó, a na wáyà ilé adìyẹ sí i, a rẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀kíní, ó sán. Ìgbà ọyẹ́ ni, afẹ́fẹ́ fa omi ara ẹ̀ gbẹ lálẹ́ ọjọ́ kan, a dé àárọ̀, ó ti là bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. A gbá gbogbo ẹ̀ dànù. Ẹ̀ẹ̀kejì, a fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, àwọn ọmọ ń pín ara wọn láti máa wọ́n omi sí i, títí kan ọjọ́ Sátidé. Kó tó gbẹ ni wọ́n ti ń fi ilẹ̀ pupa tí a sẹ́ kúnná, pẹ̀lú èédú, pẹ̀lú ẹfun yà á lójú ẹsẹ̀, torí pé tó bá ti gbẹ, ọ̀dà ò ní wọlé mọ́. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Nígbà tí a sun ìkarahun, iná lé carbon dioxide ara ẹ̀ lọ sójú ọ̀run. Nígbà tí a rẹ́ ẹ sójú pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa carbon dioxide yẹn padà látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, oṣù dé oṣù, títí tó fi tún di òkúta, ohun tó jẹ́ kó tó wọná. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi yà á wà nínú òkúta yẹn, kì í ṣe orí ẹ̀. Pátákó tí ẹ ní ká gbé kúrò lójú ọ̀nà yín yẹn, bó ṣe wà nídìí ògiri yín fún ọjọ́ márùn-ún, ó ń mí.

Ó wá ku òkun nísàlẹ̀. Ilẹ̀ wa pupa, ẹfun wa funfun, ibo la ti fẹ́ rí búlúù? Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ cyanotype wá, mo ti kà nípa ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Herschel ló ṣàwárí ẹ̀ ní 1842. Kẹ́míkà méjì tí irin wà nínú wọn ni èèyàn ń pò, a ó fi pa aṣọ tàbí ìwé nínú òkùnkùn, a ó gbé nǹkan lé e, a ó gbé e sínú oòrùn, ibi tí oòrùn bá kàn á di búlúù, ibi tí nǹkan bò á funfun. Ọdún kejì, 1843, ni obìnrin kan ní England, Anna Atkins, bẹ̀rẹ̀ sí í fi koríko òkun ṣe é, ewé kọ̀ọ̀kan lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ó sì dì í pọ̀ di ìwé, òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fọ́tò ṣe àwòrán inú ẹ̀. Kò lo kámẹ́rà rárá. Sáyẹ́ǹsì ló ní òun ń ṣe o, ó fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ nípa koríko omi lè rí bó ṣe rí gan-an. Lónìí, àwọn mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà ló ń tọ́jú ìwé náà bí ẹyin. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló kọ́kọ́ gbé e wá ńkọ́?

Mo ní kí ẹnì kan bá mi ra kẹ́míkà náà wá láti Ọjọ́ta ní Èkó. Ọmọ yẹn ti kó koríko òkun bọ̀ láti Ayétòrò, ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn, ó ti gbẹ pẹ́ẹ́pẹ́. Sargassum ni, irú èyí tó ń léfòó wá láti àárín òkun, láti 2011 ló ti ń ya dé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń bo gbogbo ilẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n ń kó isu sí lẹ́yìn kíṣíìnì iléèwé la ti pa aṣọ náà, ibẹ̀ nìkan ló ṣókùnkùn. Nígbà tó jáde sínú oòrùn, ó kọ́kọ́ rí bí omi ewé, ó ṣú, ó wá ń rí bí eérú. Ìṣẹ́jú méjìlá. A sọ ọ́ sínú omi, búlúù yọ! Akọ̀wé iléèwé wa, àgbà obìnrin tí ìyá ẹ̀ jẹ́ aláró, ń kọjá lọ, ó dúró, ó ní bí àwọn ṣe ń yọ aṣọ kúrò nínú ìkòkò aró nìyí, tó á kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé kí afẹ́fẹ́ tó kàn án tó á di búlúù. Ó béèrè pé ẹ̀kọ wo lẹ fi bo ibi funfun yìí? Mo ní mà, oòrùn ni aró wa, koríko ni ẹ̀kọ wa. Ó ní ẹ kú ọpọlọ.

Ìgbà tí a kan aṣọ náà mọ́ ìsàlẹ̀ pátákó, láìmù ibẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọjọ́ Fúráìdè ni. A dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo ibi tí aṣọ ti kan láìmù, láti etí lọ, búlúù ti lọ, ó ti di àwọ̀ tíì tó ti ṣá, ó ń rí bí ibi tí ìṣó ti dípẹtà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kẹ́místírì tíṣà wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé o ò mọ̀ pé láìmù jẹ́ alkali ni, alkali kì í sì í jẹ́ kí búlúù yẹn dúró, á tú u ká, irin inú ẹ̀ nìkan ló máa kù, ìpẹtà sì ni irin. Ọṣẹ líle náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní ó yẹ kó ti sọ fún mi. Ó ní mi ò bi òun. (Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà láàárín èmi àti ẹ̀ títí dòní.)

Mo ti ń yọ ìṣó kí n lè tú aṣọ náà sílẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin yẹn di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mà, ẹ fi sílẹ̀. Ibi tí Ayétòrò wà nìyẹn." Mo wo máàpù, lóòótọ́ ni, ibi tí òkun àti ilẹ̀ ti pàdé nínú àwòrán ni àwọ̀ ti jẹ, ó jẹ ẹ́ wọ́gọwọ̀gọ, kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè yà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ kọ àbàwọ́n sí nínú ìwé yín nìyẹn.

Ó yẹ kí n sọ òdodo, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n fi ìwé àlàyé pẹ̀lú ẹ̀, kí n má wo ti páálí kékeré. Ẹni tí kò mọ̀ tó rí aṣọ tó ṣá, á ní ó ṣá ni. Ìyẹn, mo gbà.

Èyí tí mi ò gbà ni ti Èkìtì ò létíkun yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ju mí lọ, Ìkẹ́rẹ́ tí mo ti wá yìí náà ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924 tí British Museum rí tí wọn ò jẹ́ kó padà wálé mọ́. Ẹ wo ohun tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn, òyìnbó ni, Captain Ambrose, táwọn aláàárù gbé sórí, tó ń bọ̀ wá kí ọba. Òyìnbó kì í ṣe ọmọ Èkìtì, ibi òkun ló gbà wá. Ọlọ́wẹ̀ ò ní kò bá àyíká òun mu. Ó ti dé, ó ti wọ̀lú, ó ti di tiwa láti gbẹ́.

Tẹ́ ẹ bá tún ní ti ohun èlò ni ẹ ń sọ, ẹ bọ́ sí orí owó ẹyọ. Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti kọ́kọ́ ń wá, ọkọ̀ òyìnbó ló ń kó o dé etíkun wa, kó tó di pé wọ́n ń kó oríṣi kejì wá láti Zanzibar ní àwọn ọdún 1800, tó wá pọ̀ débi tí kò níye lórí mọ́. Ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ẹrù orí gidi nìyẹn. Èkìtì wo ni kò ná an? Ojúbọ wo ni kò sí? Àwọn àgbà tiẹ̀ fi ń kọ lẹ́tà. Mo kọ́ àwọn ọmọ yìí ní àrokò ní sáà tó kọjá: ẹyọ méjì tó dojú kọra, ọ̀rẹ́ ni; tó bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé; tó bá jẹ́ mẹ́fà, ọkàn mi ń fà mọ́ ọ; tó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wa ti jọ. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ju kíláàsì èyíkéyìí tí mo ti ṣe lọ, wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lábẹ́ tábìlì títí ẹyọ fi tán.

Ẹ tún wo Ifẹ̀, ibẹ̀ ò jìnnà sí wa. Igbó Olókun ni wọ́n ń pe ibẹ̀, Olókun tó ni òkun, láàárín ilẹ̀ gbígbẹ! Ibẹ̀ gan-an ni àwọn baba ńlá wa ti ń yọ́ gíláàsì fún ìlẹ̀kẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola gbẹ́ ibẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ló jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n yẹ gíláàsì náà wò ní láàbù, wọ́n rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ló pò ó fúnra wọn, kì í ṣe pé wọ́n kó o wá láti òkè òkun. Ẹni tó yọ́ gíláàsì yẹn, ṣé onísáyẹ́ǹsì ni àbí oníṣẹ́ ọnà? Ìdíje wo lẹ bá ní kó lọ?

Yanrìn etíkun gan-an ńkọ́? Òkè bí Olóṣùnta tí a ń wò lójoojúmọ́ yìí, òjò àti oòrùn ló ń jẹ ẹ́ ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba, apá kan ẹ̀ á di amọ̀, apá tó le á di yanrìn, odò á gbé e. Ibo ni odò ń lọ? Kẹ́místírì tíṣà ló sọ èyí fún wọn ní ọjọ́ tí a lọ Ìgèdè, ọmọ kan sì bu yanrìn sọ́wọ́, ó ń wò ó bíi pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fẹ́ rìnrìn àjò.

Mi ò fẹ́ kó ẹjọ́ òkè òkun dà sí yín lára, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má bàa rò pé àwa nìkan la ya wèrè. Julia Lohmann, ọmọ Jámánì, koríko òkun ló ń nà bí awọ, tó ń fi kọ́ nǹkan tó tóbi tó yàrá, láti 2013 ló ti dá ibi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, Ẹ̀ka Koríko Òkun ló pè é. Tiwa náà, Otobong Nkanga tí wọ́n bí sí Kánò, ọṣẹ ló sè ní 2017 fún documenta, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá àwọn ará Jámánì, epo oríṣiríṣi pẹ̀lú èédú, ó sì tà á níbi ìpàtẹ náà. Ọṣẹ o! Bẹ́ẹ̀ sì ni agar tó wà nínú láàbù gbogbo yunifásítì, èyí tí wọ́n ń gbin kòkòrò àìfojúrí sí, koríko òkun pupa ni. Obìnrin kan ló mú un wọ láàbù ní nǹkan bí 1881, Fanny Hesse, ó ti ń fi se oúnjẹ nílé tẹ́lẹ̀, òun náà sì ni ó ń ya àwòrán fún iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ dókítà. Láti 2015, àwọn onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní Amẹ́ríkà ń ṣe ìdíje àwòrán tí wọ́n fi kòkòrò yà sórí agar yẹn. Ìdáná, láàbù, àwòrán, obìnrin kan ló di gbogbo ẹ̀ mú, kò sì sẹ́ni tó ní kó mú ọ̀kan.

Kí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún? Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ fún wa ní ife-ẹ̀yẹ. Ìpàtẹ ọdún yìí ti kọjá, àwọn tó gbà á tọ́ sí i, ère onígi ọmọ Ìsẹ̀ yẹn dùn ún wò, mo kí tíṣà ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹnì kan tó mọ̀ nípa kẹ́místírì tàbí ilẹ̀ kó jókòó tì yín, ẹnì kan péré, kódà kó jẹ́ aláró tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìsàn, torí àwọn yẹn mọ ohun tí iná ń ṣe fún amọ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ẹ jẹ́ ká lè fi ojú ìwé kan ṣàlàyé. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró ti iṣẹ́ wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Tẹ́ ẹ bá ti bi ọmọ yẹn pé kí ló ṣe aṣọ yìí, ìdáhùn tó máa fún yín, ẹ ò ní lè kọ ọ́ sí ìlà kan.

Ó parí ìdánwò WAEC ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá Fine Art lòun máa kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB ni àbí Chemistry. Mi ò dá sí i. Bàbá ẹ̀ ní Nursing.

Mo ti fi ẹ́ńfílóòpù kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì yín. Kò sí ìwé nínú ẹ̀. Ẹyọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, lórí okùn kan, àwọn ọmọ SS2 ló so ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá wa lóhùn, ẹ má kọ ìlà mẹ́ta sí wa mọ́. Ẹ so mẹ́jọ.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà fáìn-aàtì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì